Àárò Èkó ní Ìlú Ọ̀fà: Ta ni Àlejò, Ta ni Onílé?

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín jíròrò lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà tí ẹ máa ń kọ lẹ́tà sí wa lé lórí nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Bí ọ̀wọ́n gógó bá lé ènìyàn kúrò ní ìlú kan, tí ó sì lọ ń gbé ní ìlú mìíràn nítorí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ká, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọkàn rẹ̀ ṣì máa fà sí ibi tí ó ti kúrò? Gbèsè wo ni ó sì jẹ ìlú tí ó gbà á, gbèsè wo sì ni ìlú náà jẹ ẹ́?

Kò sí ẹni tí ń gbé Ọ̀fà tí kò mọ ohun tí ó mú wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà epo kan fò láti iye tí kò tó ₦200 sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Láti ìgbà náà ni a ti ń rí àwọn ìdílé tí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó pẹ̀lú ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ àti àpò Ghana-Must-Go. Ní Èkó, onílé mìíràn a ní kí ayálégbé tuntun kó owó ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2011 ti sọ pé kò gbọdọ̀ ju ti ọdún kan lọ. Lẹ́yìn èyí ni owó àgírímẹ́ǹtì, lẹ́yìn rẹ̀ ni owó kọmíṣọ̀n. Ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ sá lọ sí Mowé, Ìbafò tàbí Sàngó Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn; nígbà tí owó ọkọ̀ wá ń jẹ owó oṣù rẹ̀ tán, ó rántí pé yàrá méjì wà tí a pín fún bàbá òun nínú agboolé wọn ní Ọ̀fà.

"Ẹ kú oríire, ẹ ti délé," ni a máa ń kí wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbé Ọ̀fà rí ju ọjọ́ mẹ́ta Iléyá lọ. Mushin ni a bí wọn sí, tàbí Agége, tàbí Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, wọn a fi yangàn pé ọmọ Ọlálọ́mí ni àwọn. Nígbà tí wọ́n wá dé ìlú Ọlálọ́mí tán, àárò Mushin ni ó ń sọ wọ́n.

Ohun tí ń dà wọ́n láàmú kò tóbi lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Dẹ́ríkà ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wọn ní Èkó. Níhìn-ín, kóńgò ni. Obìnrin a dúró sí iwájú ìsọ̀ ní ọjà Ọwọ́dé, a máa fi ọkàn ṣírò iye dẹ́ríkà tí ó wà nínú kóńgò kan, kò ní mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ òun jẹ àbí wọ́n ṣe òun lóore. Ìkíni tún ń kọ́? Ní Èkó, ẹni tí ó ń sáré lé dáńfó ní ìdájí kò rí àyè kí ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Bí ọmọ bá kọjá níwájú àgbà níhìn-ín tí ó kàn ju "ẹ káàárọ̀" sílẹ̀ tí ó ń lọ, kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé ọmọ lágbájá tí ó ti Èkó dé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ohùn ẹnu wọn yàtọ̀ sí ti àwa Ìbọ̀lọ́, àwọn ọmọ wa sì ń sín wọn jẹ. Wọn kò mọ bí a ti ń jẹ ànàmọ́ láàárọ̀ tí a tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Ọyẹ́ ń la wọ́n lẹ́tè. Ọkùnrin kan tilẹ̀ sọ fún wa pé ìdákẹ́rọ́rọ́ òru ni kò jẹ́ kí òun sùn, nítorí láti kékeré ni òun ti ń sùn sínú ariwo jẹnẹrétọ̀. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n.

Ti àwọn ìyàwó tilẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Ọkọ lè sọ pé òun padà sí ìlú bàbá òun. Ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ẹ̀gbá, kí ni yóò sọ? Ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹgbẹ́ àsàlátù tí ó mọ̀ ọ́n sílẹ̀, ó wá bọ́ sáàárín àwọn ìyá ọkọ mẹ́rin tí wọ́n ń wo bí ó ti ń gbálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ọkọ kò bá wọn wá. Ó kó ìyàwó àti ọmọ sí Ọ̀fà kí ẹnu lè dín nílé, òun ṣẹ́kù sí Èkó nídìí iṣẹ́, a di ẹni tí à ń fi fóònù bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ ń gbèrò àtiṣe irú èyí, ẹ bá ìyàwó yín jókòó kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ilé tí a fi ìpinnu ẹnì kan ṣoṣo tú ká, ó ṣòro láti kó jọ padà.

Ní kíláàsì wa ní ilé kéú, ọ̀kan nínú ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá ni ayna baytuka, èyíinì ni, níbo ni ilé rẹ wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ìyá rẹ̀ mú dé láti Èkó kò dáhùn. Ó bi wá padà pé: "Àfáà, ṣé ibi tí mò ń sùn ni, àbí ibi tí bàbá mi wà?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè olóye ni, àwọn onímọ̀ èdè pàápàá yóò gbóríyìn fún un. Bayt wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn sun ibì kan mọ́jú. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ibùgbé, maskan, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ìfarabalẹ̀: ibi tí ara ti rọlẹ̀ tí ọkàn sì ti sinmi. Nínú Súrà Nahl, nígbà tí Ọlọ́hun ń ka ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ẹ̀dá, ibi ìfarabalẹ̀ ni Ó pe ilé. Owó ilé tí kò wọ́n lè fún ènìyàn ní bayt. Èkejì kò sí lọ́wọ́ onílé láti fún un, ọwọ́ aládùúgbò ni ó wà.

Àwọn kan wà, pàápàá àwọn àgbàlagbà wa, tí wọ́n ka àárò yìí sí àìmoore. Wọn a ní, "Ẹ rí orí ilé gbé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ rí oúnjẹ jẹ, kí lẹ tún ń sunkún sí?" A tilẹ̀ ti gbọ́ ọ lórí àga wáàsí pé ẹni tí ó bá ń ṣe àárò ìlú kan, ayé ni ó ń dì mọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Àwa kò fara mọ́ èyí.  Ní èdè Yorùbá, a máa ń sọ pé àárò sọ mí. Àárò ni ó ń ṣe iṣẹ́, ènìyàn ni ó ń ṣe é fún. Hanīn ni Lárúbáwá ń pè é, wọ́n sì ń lò ó fún igbe abo ràkúnmí tí ń wá ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi ń pe ìtàn kùkùté ọ̀pẹ dàbínù tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń fara tì ṣe wáàsí. Nígbà tí wọ́n kan àga ìwáàsù fún un, tí ó sì kúrò lára kùkùté náà, igi náà ké títí gbogbo mọ́sáláṣí fi gbọ́, Ànọ́bì sì sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Kò sọ fún igi náà pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn ènìyàn gan-an. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mọ̀dínà ní 622, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò bá wọn lára mu. Ibà dá Abu Bakr àti Bilal dùbúlẹ̀. Aishat, ọmọ Abu Bakr, lọ bẹ̀ wọ́n wò. Bí ibà bá ti fi Bilal lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀, ohùn orin ni ó máa ń gbé sókè, orin àárò: ó ń dárúkọ koríko Mẹ́kà, ó ń dárúkọ omi rẹ̀ àti òkè rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun yóò tún sun òru kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ rántí pé ní ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti na Bilal lórí iyanrìn gbígbóná tí wọ́n gbé òkúta lé e láyà. Ìlú tí ó jẹ ẹ́ níyà ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́! Nítorí náà, bí ẹni tí onílé Èkó kó ẹrù rẹ̀ síta bá ń ṣe àárò Èkó, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Aishat lọ sọ ohun tí ó gbọ́ fún Ànọ́bì. Ànọ́bì kò bá Bilal wí. Àdúà ni ó ṣe, ohun tí ó sì tọrọ ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ó tọrọ pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn fẹ́ràn Mọ̀dínà bí àwọn ti fẹ́ràn Mẹ́kà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tọrọ ìlera fún ìlú náà, pé kí ibà rẹ̀ ṣí lọ. Ó tún tọrọ ìbùkún sí sāʿ àti mudd ibẹ̀. Kí ni sāʿ àti mudd? Òṣùwọ̀n ọjà ni, ohun tí wọ́n fi ń wọn ọkà àti dàbínù. Láti ara mudd yìí ni àwọn Háúsá ti rí múdù tí wọ́n ń lò títí dòní. Ẹ wá wò ó: àárò ń ṣe àwọn sàhábà, Ànọ́bì sì mú ọ̀rọ̀ kóńgò wọ inú àdúà! Ó mọ̀ pé àlejò kò lè fẹ́ràn ìlú tí kò ti mọ bí a ti ń ra oúnjẹ. Ẹ̀wẹ̀, kò tọrọ pé kí ìfẹ́ Mẹ́kà kúrò lọ́kàn wọn. Ìfẹ́ kejì ni ó ní kí a fi kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti apá kejì ṣubú o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníwáàsí fẹ́ràn, pé ìfẹ́ ìlú ẹni wà lára ìgbàgbọ́, tí wọ́n ń kà sí hádíìsì. Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ànọ́bì. Ohun ọkàn ni ìfẹ́ ìlú. Kì í ṣe ìjọsìn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwà tí ènìyàn bá fi ṣe ni a ó fi dá a lẹ́jọ́.

Ó sì yẹ kí ará Ọ̀fà mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ọ̀dọ̀ wa, láàárín 1907 àti 1908, ni àwọn ọmọ ìlú yìí ti ń bá ọ̀nà lọ. Àwọn kan kọjá sí Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ìkànìyàn ọdún 1960 ka Yorùbá tí ó lé ní 100,000 ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọmọ Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ṣakí àti Ìlọrin sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A kò tíì bí àwa tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa sọ bí ó ti rí: ẹni tí ó ní ìsọ̀ ní Kumasi dé pẹ̀lú ẹrù orí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Twi, wọn kò gbọ́ ohun tí ìyá bàbá wọn ń wí. Ará Gánà ni a ń pè wọ́n nínú agboolé bàbá wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà Kumasi, a ní wọ́n ń ṣe fáàrí.

Kò ju ọdún mẹ́tàlá àti oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà tí ó sì bá a lọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a fi wọ́n sọ lórúkọ, òun náà ni àwọn ará Èkó fi ń kó ẹrù wọ Ọ̀fà lónìí. Àwọn tí a lé ní 1969 pọ̀ láàyè láàárín wa ní 1983. A kò gbọ́ pé ìlú wa jáde sọ pé ohun tí ó dun àwa ni à ń ṣe fún ẹlòmíràn yìí.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ máa ń sọ pé nǹkan pọ́ọ́kú ní Ọ̀fà. Ṣé ẹ ti bi ara yín pé kí ló fà á? Lóòótọ́, oko kò jìnnà, ilẹ̀ kò sì tíì gbówó bí ti Èkó. Ṣùgbọ́n apá kan pọ́ọ́kú náà, owó iṣẹ́ ẹnì kan ni. Télọ̀ tí ó rán aṣọ fún yín ní ìdajì owó Èkó kì í ra epo ní ìdajì owó. Òfin ti sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000 láti oṣù keje 2024, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ télọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń din ànàmọ́ lójú títì, kò sì dé ọ̀dọ̀ àfáà tí ó ń fi owó Àlàrùbá bọ́ ìdílé (èyí tí a sọ gbẹ̀yìn yìí, a mọ̀ ọ́n dáadáa). Ẹni tí ó jókòó nínú yàrá ní Ọ̀fà tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Èkó, tí owó Èkó ń wọlé fún un, tí ó wá dúró ní Ọwọ́dé tí ó ń pariwo pé "èyí mà kéré o, ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi," kò rú òfin kankan. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó dúró tì í, tí ó ti ń ná ìdajì kóńgò láti àárọ̀, yóò rí i lọ́la pé iye ọjà ti yí padà. Ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni tí ń jẹ nínú owó iṣẹ́ kékeré àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá tún ń pe ìlú wọn ní ìlú oko. Àárò Èkó kò ní kí ẹ bú Ọ̀fà. Bilal kọrin nípa Mẹ́kà. Kò sí ibi tí a ti kà á pé ó bú àwọn ará Mọ̀dínà.

Àwa onílé náà ń kọ́? A ti rí onílé tí ó ní kí opó tí ó ti ń gbé yàrá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún jáde nítorí pé ará Èkó kan ṣe tán láti san ìlọ́po méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Poli, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1992, ti kọ́kọ́ kọ́ àwọn onílé wa ní irú ọgbọ́n yìí. Lẹ́yìn náà, opó àti ará Èkó yóò máa wo ara wọn bí ọ̀tá, onílé yóò sì lọ jókòó ní sàfù kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè tí a ń fi ṣe ìkíni, "Ìgbà wo lẹ ń padà?" Ọmọdé tí a bi bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ti gbọ́ ohun tí a ń sọ fún un.

Nígbà tí Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní 630, àyà àwọn Ansar, onílé Mọ̀dínà, já. Wọ́n ní ọkùnrin yìí ti rí ìlú rẹ̀ gbà padà, kò ní bá wa lọ mọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó bá jókòó. Ṣùgbọ́n ó bá wọn padà, ọ̀dọ̀ wọn ni ó kú sí ní 632. A kò rò pé ìfẹ́ Mẹ́kà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn Ansar ti pín ilé àti oko wọn fún àwọn àlejò láti ọjọ́ kìíní, ó sì ti di ara wọn.

Àwọn arábìnrin wa kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìyá tuntun lọ sí Ọwọ́dé, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń fi kóńgò nájà àti ìsọ̀ tí wọn kì í ti ń tẹ ìdí kóńgò wọnú. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn lọ, kí ó dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé kéú lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ Àlàmísì. Kí àwọn arákùnrin tí ó ní ọ̀kadà wá ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ẹrù.